Bàbá Ṣì Ń Dúró Dè Yín Létí Ojú Irin

Ìyá mi ọ̀wọ́n, tí gbogbo ayé ní mo fojú jọ,

Ọyẹ́ ti dé. Láti àná ni a kò ti rí òkè kankan mọ́ ní Savè. Ó fi funfun bò wọ́n láti orí dé ìdí, bí ọmọ tí wọ́n fi aṣọ bò sùn. Bàbá jókòó síta láàárọ̀ yìí, wọ́n wo apá ibẹ̀ títí, wọ́n wá bi mí bóyá àwọn òkè ti rìnrìn àjò. Mo ní wọn ò lọ síbì kankan, ọyẹ́ ló bò wọ́n. Wọ́n mi orí bí ẹni tí kò gbà. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, pé bí òkè bá lè lọ, ewúrẹ́ náà lè lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi, ẹ̀yin sì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ fún.

Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Ohun kékeré kan á ṣẹlẹ̀, ẹnu mi á ti là láti pè yín kí n tó rántí. Kajú ti ń tanná lẹ́yìn ilé, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Adìẹ yín tó máa ń yé ẹyin sínú agbọ̀n àlùbọ́sà ṣì ń yé e síbẹ̀, kò fẹ́ ibòmíràn. Mo ti kó ẹrù mi padà sínú yàrá tí mo ti dàgbà. Fèrèsé rẹ̀ ṣì ń ké bí ológbò nígbà tí a bá ń ṣí i.

Ìyá, nígbà tí ẹ kú, n kò sunkún. Gbogbo ènìyàn ló sì yìn mí. Wọ́n ní ọkàn akin ni mo ní, pé ẹ bímọ. Mo wá àga, mo dá iná, mo mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, mo mọ àgbà tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jókòó sórí ẹní. Mo ń sáré láàárín wọn bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn ṣe ìnáwó. Nínú ọkàn mi, ẹ lọ sí ọjà Glazoué ni, ọkọ̀ ló pẹ́. Ìró yín tí ẹ sá sórí okùn kí àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀, n kò ká a. Oòrùn ń jẹ àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òjò pa á, ó tún gbẹ. Tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, òun ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé e, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ọkàn mi á balẹ̀, mo á wọlé lọ gbé omi kaná.

Ẹ mọ̀ pé ìgbàgbé ti ń bá Bàbá jà kí ẹ tó lọ. Ohun tí àwa ò mọ̀ ni bí ẹ ṣe ń bò ó tó. Tí àlejò bá wọlé, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ pariwo orúkọ àlejò náà bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù, kí Bàbá lè gbọ́ ọ kí wọ́n sì pè é. Tí ọ̀rọ̀ bá já mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ̀yin lẹ ń so ó, tí ẹ ó sì ṣe bí ẹni tí kò ní sùúrù. Bàtà wọn máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, ti ọ̀tún lọ́tùn-ún, ti òsì lósì. A rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni, àmọ́ òun ló gbé òrùlé ilé yìí dúró. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ rò pé ẹ ó pẹ́ jù wọ́n lọ ni?

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlejò ti túká, Bàbá jáde láti yàrá ní àárọ̀, wọ́n ti bọ́jú, wọ́n ti wọ fìlà.

“Àníkẹ́ dà?”

Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní, “Bàbá, Ìyá ti kú.”

“Àníkẹ́ wo?”

“Àníkẹ́ yín, Bàbá. Ẹ ti sin wọ́n.”

Ìyá, mi ò mọ bí mo ṣe lè ròyìn ojú tí wọ́n fi wò mí. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n gbá ife omi dànù lórí tábìlì. Wọ́n ní ọmọ burúkú ni mí, pé ta ló rán mi sí wọn. Nígbà tó yá, wọ́n kúnlẹ̀ lórí ẹní ìkírun, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú àwọn dípò yín, pé àwọn ti gbó, àwọn ò wúlò mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ògiri títí oòrùn fi yí. Ìgbà tí mo gbé oúnjẹ dé, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Ó dáa. Ó ti lọ. Gbogbo wa la ó lọ.” Wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Mo dúpẹ́. Mo rò pé èyí tó le jù ti kọjá.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bọ́jú, wọ́n wọ fìlà, wọ́n jáde.

“Àníkẹ́ dà?”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, Ìyá. Ní gbogbo àárọ̀ ni mo ń pa yín fún Bàbá. Ọ̀nà ọ̀fọ̀ tí àwọn mìíràn ń fi ọ̀pọ̀ oṣù rìn, wọ́n á rìn ín tán láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, oorun á sì gbé wọn padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mò ń kéde ikú yín lójoojúmọ́, n kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó sì yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí bí mi, kì í ṣe sí Bàbá. Ẹ̀yin ni mo bínú sí. Mò ń fọ àwo, mò ń bá yín jà. Mo ní ẹ̀yin ti sinmi, ẹ wá gbé èyí lé mi lọ́wọ́, ẹ ò tilẹ̀ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní ọjọ́ kan, ó rẹ̀ mí. Wọ́n bi mí níbo lẹ wà, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, “Wọ́n ti lọ sí Parakou, Bàbá.”

Ká ní ẹ rí ojú wọn! Ó mọ́ bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé. Wọ́n ní, “Hẹn-ẹ́n, ọjà ni. Ó gbé èlùbọ́ lọ.” Wọ́n ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn. Wọ́n wọ ẹ̀wù iṣẹ́ wọn àtijọ́ tó ti ya létí ọrùn, wọ́n sì lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin láti lọ pàdé yín.

Ẹ rántí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin dáwọ́ dúró? Bàbá tí ń fi àsíá dá a dúró láti ìgbà èwe wọn, kò jókòó sílé. Wọ́n kàn ń jí, wọ́n ń múra, wọ́n ń lọ jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń bọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin sì ń lọ ẹ̀wù iṣẹ́ náà fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí ìgbà tí iṣẹ́ wà. Mo bi yín pé kí lẹ ń lọ̀ ọ́ fún. Ẹ ní, “Fi bàbá rẹ sílẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ló kú.” Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé ènìyàn lè ṣọ̀fọ̀ ohun tí kò ní ibojì. Ẹ̀yin ti mọ̀. Ta ló kọ́ yín?

Irọ́ mi dùn, Ìyá. Kí n sọ òótọ́, ó dùn. Tí mo bá ti Adido dé níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, mo á gba ibùdókọ̀ lọ mú Bàbá. Koríko ti bo irin, àwọn ewúrẹ́ ń sùn láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ní ilé. Mo á jókòó tì wọ́n lórí àga símẹ́ńtì yẹn, oòrùn á máa rọ̀ lẹ́yìn òkè, gbogbo nǹkan á pọ́n bí epo. Bàbá á tẹ́ etí sílẹ̀. Wọ́n á ní àwọn gbọ́ ọkọ̀, ó ti kọjá Tchaourou. Ìyá, èmi náà á tẹ́ etí. Nígbà mìíràn, mo á búra pé mo gbọ́ nǹkan nísàlẹ̀ ilẹ̀, bí ẹni ń lọ ata lójú ọ̀nà tó jìn. A ó jókòó bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì, a ó máa wo ibi tí irin ti para pọ̀ di ọ̀kan. Tí kò bá sí ohun tó dé, mo á sọ pé ó di ọ̀la, wọ́n á sì gbà. Ẹ ò sí nílé, ẹ ò sì kú. Ẹ wà lójú ọ̀nà.

Tàǹtí Sàlámátù, àbúrò yín, ló kọ́kọ́ bá mi wí. Ó ti àdúgbò Plateau wá kí wa, ó gbọ́ tí Bàbá ń sọ pé kó dúró, pé ẹ máa tó wọlé. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

“Kí lò ń sọ fún ọkùnrin yìí?”

“Tàǹtí, tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á kú fún ìbànújẹ́.”

“Ìwọ náà ńkọ́? Mo rí àwo mẹ́ta lórí tábìlì. Ta ló ni ẹ̀kẹta?”

Mo ti ń bu oúnjẹ yín, Ìyá. N kò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń bù ú.

Tàǹtí bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi kú, mo wẹ̀ ẹ́, mo dì í, mo ṣe é lóge ìkẹyìn. O wá sọ ọ́ di ẹni tí kì í dé láti ọjà. Ṣé kò ní sinmi ni?” Ó gbé ìborùn rẹ̀, ó lọ. Kò mu omi wa.

Madáàmù Felisíti ni mo sọ ọ́ fún. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Pobè ni, ìjọba ló gbé e wá síbí, a jọ ń kọ́ni ní Adido. Ọkọ rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ sí Gabon, ó ń pè, ó ń pè, nígbà tó yá kò pè mọ́. Ẹnìkan rí i níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó mìíràn. A jókòó sábẹ́ igi máńgò nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Wọ́n kọ́ wa nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́,” ló wí, “pé ọ̀fọ̀ ní àkàsọ̀ tirẹ̀. Ènìyàn á kọ́kọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Á bínú. Á bá Ọlọ́run dúnàádúrà. Á sorí kọ́. Lẹ́yìn náà á gbà. Mo dúró kí n gun àkàsọ̀ yẹn dé òkè, ọ̀rẹ́ mi. Láàárọ̀ mo ti gbà. Tí telefóònù bá dún lọ́sàn-án, mo ti wà nísàlẹ̀.”

Mo bi í kí ló wá ṣe.

“Mo dẹ́kun kíka àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n tìrẹ sàn díẹ̀. Àwọn ènìyàn wá kí ọ. Tèmi, ọkọ ò kú, ta ló máa kí mi? Ohun tí wọ́n ń bi mí ni bóyá ó ti fi nǹkan ránṣẹ́.” Ó gbọn ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́. “Bàbá rẹ ń rántí láti sunkún. Ìwọ lo gbàgbé.”

N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo bínú sí i di ọjọ́ kejì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni aládùúgbò wa pè mí pé Bàbá ò sí nílé, pé òun ti wo ibùdókọ̀, wọn ò sí níbẹ̀. Madáàmù Felisíti gba àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ́ tirẹ̀, ó tì mí sórí ọ̀kadà zémìjan kan. Èmi àti ọlọ́kadà wá wọn dé ọjà, dé mọ́ṣáláṣí, dé etí títì ńlá níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré bí ẹni tí a ń lé. Gbogbo ẹni tí mo bi ní òun ò rí wọn. Ìgbà náà ló wá sí mi lọ́kàn pé bí ọkọ̀ kò bá dé, ẹni tó ń dúró lè dìde lọ pàdé rẹ̀.

Mo ní kí ọlọ́kadà náà tẹ̀lé irin, kí ó kọjú sí Parakou.

A rí wọn níbi tí irin ti wọ inú oko kajú. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, bàtà ọ̀tún wà ní ẹsẹ̀ òsì, eruku ti sọ irùngbọ̀n wọn di funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin Fúlàní kan tó ń kiri wàrà jókòó tì wọ́n, igbá rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní, “Bàbá ní àwọn ń lọ pàdé ìyàwó àwọn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ mu omi.” Ó ti fún wọn ní wàrà, kò jẹ́ kí n dúpẹ́. Ó gbé igbá rẹ̀ lérí, ó lọ láàárín àwọn igi, a ò sì gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Mo jókòó sílẹ̀, mo tún bàtà wọn wọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òdòdó kajú ń já sí wa lórí. Bàbá ń wò mí. Ojú wọn mọ́ kedere, Ìyá, bí ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

“Àníkẹ́ ti kú, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ta ló sin ín?”

“Ẹ̀yin àti àwọn ará àdúgbò. Ọwọ́ yín lẹ fi da erùpẹ̀ sí i.”

“Mo sunkún?”

“Ẹ sunkún púpọ̀, Bàbá.”

Wọ́n mi orí. Ó jọ pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn pé àwọn ṣe ohun tó yẹ. Wọ́n wá ní, “Ìwọ ńkọ́?”

Mo la ẹnu láti dáhùn. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. N kò mọ̀ pé irú igbe bẹ́ẹ̀ wà nínú mi. Mo dojú bolẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, mo ń pè yín, mo ń pè yín ṣáá. Ọlọ́kadà náà yí ojú padà, ó lọ dúró lọ́nà jíjìn. Mo sunkún ìró yín tó ti ṣá. Mo sunkún oúnjẹ tí mo ń bù tí mo sì ń dà nù. Mo sunkún nítorí ọwọ́ yín, tí mo ti ń gbàgbé bó ṣe rí.

Nígbà tó pẹ́, mo rí i pé ọwọ́ kan wà lórí mi. Bàbá ti sún mọ́ mi, wọ́n ń pa mí lórí bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ tí ó já bọ́ lórí igi. Mo gbé ojú sókè. Ojú wọn ti padà rí bí ọyẹ́. Wọ́n ń wò mí tàánútàánú, bí àgbà ṣe ń wo ọmọ ọlọ́mọ tó bá lójú ọ̀nà.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ta ló kú?”

“Ìyá mi ni, Bàbá.”

“Háà! Ìyá!” Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n káwọ́ lérí. “Ìyá ò ṣeé rà lọ́jà. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ o. Sunkún, ọmọ mi, má dá a dúró. Èmi wà níbí, kò sí ibi tí mò ń lọ.”

Wọ́n sì wà níbẹ̀. Wọn ò bèèrè yín. Wọn ò tẹ́tí sí ọkọ̀. Wọ́n jókòó ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú títí ọmọ náà fi dákẹ́, wọ́n fi apá ẹ̀wù iṣẹ́ wọn nù mí lójú. Nínú gbogbo ẹni tó ti wá kí mi, Ìyá, kò sí ẹni tó tù mí nínú bíi tiwọn, àwọn tí kò rántí pé òkú tiwọn náà ni.

Mo ká ìró yín lọ́jọ́ kejì. Mo gbé e lọ fún Tàǹtí ní Plateau, mo kúnlẹ̀, ó sì gbà á, ó fi bo ojú. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó rí i fúnra rẹ̀ bí òótọ́ ṣe ń ṣe Bàbá, kò sì pariwo mọ́. Nísinsìnyí, tí Bàbá bá bèèrè yín, n kì í yára dáhùn. Mo máa ń bi wọ́n pé, “Kí lẹ fẹ́ bá wọn sọ?” Wọ́n á sì máa sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ pé ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nítorí pé ẹ rò pé ilé ni, ọkọ̀ sì gbéra láìsí bàtà yín. Ìyá! Ṣé òótọ́ ni? Tàǹtí ní òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lulẹ̀.

Àwọn ọjọ́ mìíràn, ìtàn kì í tó. Wọ́n á tẹ̀ mọ́ ọn pé níbo lẹ wà, mo á sọ ọ́, mo á dì wọ́n mú, a ó jọ sunkún. Èyí rọrùn díẹ̀ ju kí ẹnìkan máa sunkún kí ẹnìkan máa wò ó. N kò ní parọ́ fún yín pé mo ti gbà. Mo gbà lánàá. Lónìí, ẹnìkan tó wọ aṣọ bíi tiyín kọjá lọ́jà, mo tẹ̀lé e dé ìdí àwọn oníṣu kí n tó dúró.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. Àwa tí a kù nílé pàdánù ẹnìkan ṣoṣo. A sì tún ní ara wa, a ní Tàǹtí, a ní ẹni tó ń gbé omi wá, ẹni tó ń jókòó tì wá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ọkọ yín, ọmọ yín, àbúrò yín, ìlú yín, gbogbo rẹ̀. Ta ló wá jókòó tì yín? Ṣé ẹ̀yin náà ń jí láàárọ̀ níbẹ̀ tí ẹ ń bèèrè pé ibo la wà? Ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń fi sùúrù dá yín lóhùn?

Bí kò bá tíì sí ẹni tó kí yín, ẹ jẹ́ kí èmi kí yín. Ìyá mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ sunkún, ẹ má dá a dúró.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ó ń tọ́jú Bàbá, tí Bàbá sì ń tọ́jú.